Ọkùnrin Tó Rì Sínú Yàrá Gbígbẹ

Omi ló pa Ilango. Dókítà ọsibítù ìjọba tó yẹ òkú rẹ̀ wò kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ rárá: omi iyọ̀ kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, yanrìn há sí i lọ́fun, èékánná rẹ̀ kún fún yanrìn bákan náà, bí ẹni tó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ kó tó gbẹ́mìí mì. Kò sí ìjà nínú ìyẹn. Ibi tí ìjà wà ni pé inú yàrá ni wọ́n ti bá a, yàrá tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò òkú. Òkun kò dé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, ńṣe ni òkun Sangumunai fà sẹ́yìn, tó lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán bí ìyàwó tó ń bínú.

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Tamarai dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ yàrá náà. Yanrìn ni. Ó gbẹ, ó sì tutù. Obìnrin kúkurú ni Tamarai, ó ti lé lógójì ọdún, kì í yára sọ̀rọ̀, kì í sì í yára gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Ológbò ni àwọn ọ̀daràn ìlú ń pè é. Wọ́n ní ènìyàn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí èékánná á fi wọ̀ ọ́ lára.

Ó pe kọ́ńsítébù rẹ̀, Duraisami, pé kó wọlé. Duraisami ní òun á dúró síta kí òun máa ṣọ́ bàtà.

“Ta ló fẹ́ jí bàtà mi?”

“Ọ̀gá, ayé ti bàjẹ́.”

Tamarai mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó wà lára ògiri tó kọjú sí òkun. Àwòrán ènìyàn funfun kan wà níbẹ̀, ó ga tó obìnrin tó tẹ̀ba díẹ̀, orí rẹ̀ sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Kò lójú, kò lẹ́nu. Ẹni tó bá wò ó pẹ́ á rí i bíi pé ó ń jáde bọ̀ láti inú bíríkì. Savarimuttu, mẹ́gáàdì ilé náà tó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn tó sì rí òkú, ti búra pé kò sí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé ìgbàlejò tuntun ló wà lórí wọn, ti olówó kan tó ń jẹ́ Rajaratinam. Orí òpó gíga ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bí òfin etíkun ṣe wí nìyẹn láti ọdún tí ìgbì ńlá ti gbé ìdajì abúlé Sangumunai lọ: ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé níbi tí omi lè dé, kó gbé e sórí òpó tó ga ju ibi tí ìgbì náà kàn lára igi. Kó má da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ abẹ́ rẹ̀, yanrìn ni kó wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, ẹrù nìkan ni wọ́n lè kó sí i. Wolé-wolé káńsù ló ń rí sí òfin náà, Ilango tó kú yìí gan-an sì ni wolé-wolé náà.

Nítorí náà, kò sí ẹni tí kò lè pa á nínú àwọn tó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ta ló lè rì ènìyàn sínú yanrìn gbígbẹ, kó sì gba inú ògiri jáde?

*

Savarimuttu kò gbà láti sún mọ́ ilé náà. Abẹ́ igi àgbọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni Tamarai ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Gìrìpá ọkùnrin ni, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ sí ilé náà bó ṣe ń mu tíì inú ife rẹ̀.

Ó ní ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí òun ti ń gbọ́ ọ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn ará abúlé bá ti ń tan fìtílà, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí kanlẹ̀ lábẹ́ ilé: kì, kì, kì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ibì kan tó ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí òun. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kọ́ ilé sí i. Ahéré àwọn apẹja ni. Ìgbì ńlá gbé wọn lọ tọmọtọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, púpọ̀ nínú wọn ni wọn ò sì rí sin títí di òní.

Ó sọ fún Ilango. Ilango rẹ́rìn-ín, ó ní òkú kì í kanlẹ̀, alààyè ló ń kanlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó dé, ó gba kọ́kọ́rọ́ kan nínú méjì tó wà lọ́wọ́ mẹ́gáàdì, ó yọ́ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kí ẹni yòówù tó wà nínú má bàa sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ìkanlẹ̀ yẹn dákẹ́. Mo gbọ́ tí wolé-wolé sọ̀rọ̀. Kò pariwo o, Ọ̀gá. Ó sọ̀rọ̀ bí ìgbà téèyàn bá ń bá ẹni tó mọ̀ sọ̀rọ̀.” Savarimuttu gbé ife náà sílẹ̀. “Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ omi. Bí ẹja ńlá tó ń ta nínú agbada. Nínú yàrá tí kò ní ìkán omi kan.”

Ó ní òun ò dúró. Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun sá lọ, ẹ̀gbẹ́ fádà ni òun sì wà di àfẹ̀mọ́júmọ́. Tamarai bi fádà, fádà sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ kejì kò kúrò ní ìgbànú ọkùnrin náà ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn parí síbẹ̀.

*

Ọ̀sán ni Rajaratinam ti Chennai dé, nínú mọ́tò dúdú, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó funfun ju lékeléke lọ. Kò fi ara pamọ́. Ó ní òun kórìíra Ilango, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ilango ló ní kí òun gbé òpó sókè sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òrùlé bo ilé. Ilango ló kọ̀ kí òun sọ abẹ́ ilé di yàrá àlejò. Bí ènìyàn bá fi owó lọ̀ ọ́, á dá a padà, á sì tún wá wo ilé lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi pa á,” Tamarai sọ, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

“Màdáámù, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Gbogbo Chennai ló rí mi tí mo ń jó ijó burúkú.” Ó nu ọrùn rẹ̀. “Bí mo bá sì fẹ́ pa á, ṣé inú ilé ara mi ni mo ti máa pa á? Àwọn àlejò tó ti gba yàrá ti ń pè pé àwọn ò wá mọ́. Ta ló fẹ́ sùn sórí iwin?”

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n olówó kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pẹja, Tamarai kò sì tíì yọ ọ́ kúrò lọ́kàn.

Ó kọjá sọ́dọ̀ olórí àwọn apẹja. Marudappan ni orúkọ rẹ̀, arúgbó tó rí gbọọrọ, tí irunmú rẹ̀ funfun bí òwú. Òun ni abúlé ń fi ẹjọ́ sùn kí wọ́n tó rántí pé ọlọ́pàá wà láyé. Ìgbì ńlá gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po tíì fún Tamarai, ó ní kó jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà, nígbà tí wọ́n sì dárúkọ Ilango, omi lé sí i lójú. Ó ní ọmọ dáadáa ni. Nígbàkigbà tó bá wá wọn ilẹ̀, ilé òun ló ti ń jẹ ẹja.

Tamarai bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ rò pé ó pa ọmọ dáadáa náà.

Arúgbó náà wo ojú omi títí. “Ìyá mi, ẹ̀ ń wá ẹni tó gba ibì kan wọlé. Òkun ò nílò ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí.”

Ọ̀rọ̀ náà mú Tamarai lára tutù, kì í ṣe nítorí pé ó gbà á gbọ́, bí kò ṣe nítorí bí arúgbó náà ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ti rẹ̀.

*

Nígbà tó ń padà lọ síbi mọ́tò, obìnrin arúgbó kan dá a dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ pupa nítorí ewé tó ń jẹ, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Duraisami sọ sí ọ̀gá rẹ̀ létí pé Pechi nìyẹn, pé ìgbì ńlá gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ, ó sì gbé ìdajì ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Pechi na ìka sí òkúta dúdú tó dúró gbọnin lójú ọ̀nà, níwájú ilé ìgbàlejò, ní ìhà òkun. Gbogbo Sangumunai ló mọ òkúta náà. Ibi tí agbára ìgbì ńlá ti dínkù ni ìjọba rì í mọ́. Láti ibẹ̀ lọ sí òkun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun, ì báà wà lórí òpó, ì báà wà lórí ìyẹ́.

“Ó ń rìn,” Pechi sọ.

“Kí ló ń rìn, Màmá?”

Pechi ní kó tún un wí, Tamarai sì tún un wí sókè.

“Òkúta yẹn. Ẹ̀yìn ahéré mi ló wà tẹ́lẹ̀, mo máa ń sá aṣọ lé e lórí. Àní-àní ò sí níbẹ̀. Ní báyìí ó ti rìn kọjá ilẹ̀ mi, ó ń lọ sí òkun. Ọmọ mi ló ń wá.” Ó tu itọ́ pupa sílẹ̀. “Ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà.”

Ó ní òun sọ fún wolé-wolé, ó sì ní wolé-wolé nìkan ni kò fi òun rẹ́rìn-ín.

Duraisami ti fẹ́ máa lọ. Tamarai kò lọ. Ó kúnlẹ̀ ti òkúta náà, ó fi ọwọ́ pa á lára yíká. Ó jọ̀lọ̀. Kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Òkúta tó ti ń gba afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti ọdún ìgbì ńlá, ibo ni èéhù ara rẹ̀ wà? Ibo ni ìgbẹ́ ẹyẹ ọdúnmọ́dún wà?

Tamarai dìde, ó padà sí yàrá òkú. Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ lábẹ́ ilé, ó ń hu láàárín àwọn òpó bí ẹni tó ń fọn ìgò. Ó bá ènìyàn funfun náà níbi tó fi í sí, tó ṣì ń fetí sílẹ̀. Ó rìn lọ bá a tààrà, ó fi ìka kan họ ọ́ láyà, ó sì fi ìka náà kan ahọ́n.

Duraisami tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà bo ojú rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jẹ iwin.”

“Iyọ̀ ni,” Tamarai sọ.

Ó jáde, ó yí lọ sẹ́yìn ògiri náà, síbi tó kọjú sí òkun. Gbogbo ojú rẹ̀ níta ló funfun, bí ti gbogbo ògiri etíkun: afẹ́fẹ́ omi á máa fi iyọ̀ lẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án lóru títí á fi hù lára rẹ̀ bí olú. Ibì kan ṣoṣo ni iyọ̀ kò sí. Bíríkì ibẹ̀ pupa, ó mọ́, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ènìyàn pupa kan tó tẹ̀ba díẹ̀, tí orí rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́.

Ó fi ìka tọ etí àwòrán náà yíká. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún Duraisami. Ẹnì kan ti tú àwọn bíríkì yẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ihò tó gba ènìyàn wọlé, ó sì tún gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tó ń tò wọ́n padà, òkùnkùn ti ń sú, ó ń kánjú, kò mọ ẹ̀yìn bíríkì yàtọ̀ sí iwájú. Ojú tó ti gba iyọ̀ ló kọ sínú. Ìta ló ti tò wọ́n, nítorí náà kò rí ohun tó yà sára ògiri inú.

“Ọ̀gá, ta ló lè fi ọwọ́ tú ògiri bíríkì? Wọ́n á gbọ́ òòlù dé ìlú.”

Ìyẹn ni ìbéèrè tó kù. Tamarai fi orí ìka ti bíríkì kan. Bíríkì náà mì bí eyín ọmọdé.

*

Ọ̀gá àwọn wolé-wolé ní káńsù ló tú ìdì ọ̀rọ̀ náà. Ó ní apá kan wà nínú òfin tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ògiri sí abẹ́ ilé ní ìhà òkun, kò gbọdọ̀ fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́. Ẹrẹ̀ lásán ni kó fi mú bíríkì, ẹrẹ̀ tí kò lágbára, kó lè jẹ́ pé bí ìgbì bá dé, ògiri á wó, omi á kọjá, ilé tó wà lókè á sì dúró. Ògiri tó bá bá òkun jà ló ń fa ilé lulẹ̀. Rajaratinam ra sìmẹ́ńtì, àwọn bíríkìlà rẹ̀ sì fi mọ ọ́. Ilango mú kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì fi ẹrẹ̀ tún un mọ lójú ara rẹ̀, nígbà tí olówó náà wà ní Chennai. Òun àti ẹnì kan láti abúlé tó ṣe ẹlẹ́rìí ni wọ́n jọ dúró tì wọ́n, ọ̀gá náà kò sì mọ ẹni náà. Àwọn bíríkìlà ti padà sí ìlú wọn lókè àríwá.

Òfin náà gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún apànìyàn.

Lọ́jọ́ kejì, Tamarai ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà. Yanrìn òkè gbẹ. Kí ṣọ́bìrì tó wọlé dé orúnkún, yanrìn ti ń tutù. Nígbà tó dé itan, omi bẹ̀rẹ̀ sí rú láti ìsàlẹ̀, omi iyọ̀, ó ń kún díẹ̀díẹ̀ láìsí ìró, bí ojú tó ń là. Òkun kò gba ilẹ̀kùn wá lóòótọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò níbẹ̀ ti gbẹ́ kànga, ẹni tó bá sì ṣubú fi orí lọ sínú rẹ̀, tí kò rí ẹni fà á jáde, á rì sínú yàrá.

Nínú omi náà ni ṣọ́bìrì ti kan ohun líle. Èékù òkúta dúdú ni wọ́n ń kó jáde, àwọn kan tó orí ènìyàn. Lára ọ̀kan, lẹ́tà mẹ́ta ṣì wà.

Òkúta Pechi kò rìn. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ síbí kí wọ́n tó kọ́lé, wọ́n sì gbé ìbejì rẹ̀ síwájú. Nígbà tí Ilango bẹ̀rẹ̀ sí béèrè, ẹni tó rì í padà wá láti fọ́ ọ kó sì máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Ìkanlẹ̀ tí mẹ́gáàdì gbọ́ nìyẹn, òòlù tí wọ́n fi aṣọ wé.

“Olówó yẹn ni,” Duraisami sọ. “Òkúta tó sún síwájú, òun ló jèrè rẹ̀. Ó rán ẹnì kan ni.”

“Ó lè jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa Ilango mọ̀ pé ògiri yẹn kì í ṣe ògiri. Jẹ́ ká wo ẹni tó mọ̀.”

*

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Tamarai ní kí wọ́n kun gbogbo ògiri ìhà òkun ní ẹfun láti òkè délẹ̀, títí ènìyàn funfun náà fi pòórá sínú funfun. Ó wá fi ìyókù ẹfun yàwòrán ènìyàn mìíràn sára ògiri ìhà ìlú, ó da orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí wọ́n tẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn kan ti ògiri ìhà òkun. Ó fi pátákó ti ògiri náà níta, Duraisami àti Savarimuttu sì fi èjìká tì í kó má bàa wó pa ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí oòrùn ti yí, ó pe Rajaratinam, ó pe Marudappan àti àwọn àgbà apẹja bíi mélòó kan, ó sì ní kí Pechi náà wá nítorí ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe wọlé tí wọ́n rí àwòrán lára ògiri ìhà ìlú, gbogbo wọn sún kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó rí iná. Ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì ni wọ́n rọ́ lọ. Rajaratinam jókòó sí àárín gbùngbùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀. Pátákó ké díẹ̀ níta, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Àwọn àgbà náà fẹ̀yìn tì. Marudappan nìkan ló dúró. Ó ní ìbàdí òun fẹ́ràn ìdúró.

Tamarai bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa òkúta. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ó sọ pé wọ́n ti rí èyí tí ìjọba rì, pé ibi tí wọ́n jókòó sí yìí, ìhà òkun òkúta náà ló wà, pé káńsù á wó ilé náà. Nígbà tó dé ibẹ̀, Rajaratinam fò dìde, ó ń na ìka sí i pé òun ra ilẹ̀ òun níwájú gbogbo abúlé, òun ò sì gbọ́ ìtàn òkúta kankan rí. Òógùn bò ó. Ìbínú rẹ̀ kò ní ẹ̀tàn nínú, Tamarai sì rí i pé òótọ́ ló ń sọ.

Àyè àárín bẹ́ǹṣì ṣófo. Pechi, tí ìdúró ti sú, tí kò sì gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, rọra jókòó síbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ń da orí padà láti fi ti ògiri.

Ọwọ́ Marudappan ló gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

“Má fẹ̀yìn tì í,” ó sọ fún un, jẹ́jẹ́. “Dìde, wá jókòó síbí.”

Gbogbo ojú yí sí i. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń hu láàárín àwọn òpó.

“Ẹni tó nílé fẹ̀yìn tì í, Bàbá,” Tamarai sọ. “Sìmẹ́ńtì ló pè é. Kí ni ẹ̀yin pè é?”

Arúgbó náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ Pechi. Ó gbé Pechi dìde, ó mú un lọ sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rí i pé ó jókòó dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí ọlọ́pàá náà.

Kò jiyàn. Ó sọ pé òun ni ẹlẹ́rìí tó bá Ilango dúró ti àwọn bíríkìlà. Ó sọ pé òun náà ló gbé òkúta. Lẹ́yìn ìgbì ńlá, òfin kó àwọn apẹja lọ sẹ́yìn, sí ilẹ̀ tí wọn kì í ti í gbọ́ ohùn omi, tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ojú omi lórí bí ẹni gbé pósí kí wọ́n tó débi iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọn ń lọ sí ìlú ọ̀nà jíjìn. Ó rò pé bí òkúta bá sún síwájú díẹ̀, abúlé náà á sún sẹ́bàá òkun padà. Ṣùgbọ́n abúlé kò lówó tí wọ́n fi ń gbé ilé sórí òpó. Rajaratinam ló lówó.

“Ilango ńkọ́?”

“Ó bá mi nínú ihò. Kò bínú. Ó pè mí ní Bàbá, ó ní ká jọ lọ sọ fún káńsù láàárọ̀, òun á bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo jáde, mo tì í kí n lè ráyè kọjá. Ó fi orí lọ sínú ihò.” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mo lè fà á jáde. Mo dúró. Títí omi fi dákẹ́, mo dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e síta, mo kó yanrìn padà, èyí tó gbẹ lókè.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ti ń sunkún. Tamarai bi Marudappan ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ rí ẹfun ara ògiri. Ẹ sì fura pé ìdẹ ni.”

“Mo mọ̀ bí mo ṣe wọlé.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi na ọwọ́?”

Marudappan wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e. “Ó máa wó lù ú.”

Pechi, lórí àpótí, kò gbọ́ nǹkankan nínú gbogbo èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé olórí wọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òun dìde níwájú àlejò, ó sì fún òun ní ìjókòó. Ó na ọwọ́ gbígbẹ, ó di ọwọ́ arúgbó náà méjèèjì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà fún un sókè: kó dàgbà kó tó kú, kó má fi ojú rí ikú omi, kí ẹni tó máa di òun náà mú má wọ́n ọn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣubú.

Duraisami ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Tamarai ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dúró ná. Ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ dè ṣì wà lọ́wọ́ Pechi, àdúrà náà kò sì tíì parí.